Àtúnṣe: Ẹ má fi ọ̀rá wé fíltà afẹ́fẹ́ ọkọ̀ yín
Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé kí ẹni tó fi fíltà afẹ́fẹ́ tí kò ní àpótí tó bò ó sínú ọkọ̀ rẹ̀ fi ọ̀rá wé e lásìkò òjò. Irọ́ ni, ó sì léwu: ẹ́ńjìnnì ò ní rí afẹ́fẹ́ fà, ó sì lè fa ọ̀rá náà ya. Aṣọ fíltà tí omi kì í rin ni kí ẹ fi bò ó. Afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi páànù dí apá tó kọjú sí táyà, kí ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ páànù náà kí omi lè jò.

Kò sí ìbòrí tó lè gba fíltà tó bá rì sínú àgbàrá là. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa omi, omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, ọ̀pá tó ń gbé písítìn lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì sì lè tẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sítáàtì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú gbogbo pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì, kí omi lè tú jáde.