Ère Kì Í Gbọ́ Oríkì

Èèyàn ò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère.

Abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà ni mo ti gbọ́ òwe yìí kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Àwa tí à ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ. Olówó a mú tirẹ̀, a sanwó, a bá tirẹ̀ lọ. Àwa a káwọ́ sẹ́yìn, a ka àkọlé iwájú ìwé, a sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn tí kò ní parí títí oòrùn á fi mú. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni. Ìròyìn tó kó gbogbo wa jọ lọ́jọ́ náà ni pé Christian Chukwu, balógun ikọ̀ Rangers ti Enugu, òun kan náà tó ṣe balógun Green Eagles nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà, ti kú ní ọjọ́ 12 oṣù náà, lẹ́ni ọdún 74.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Sútìn. Ikọ̀ ìlú Ìbàdàn ni tirẹ̀ láti kékeré, ì báà jẹ́ IICC ni wọ́n ń jẹ́, ì báà jẹ́ Shooting Stars. Ó ka àkọlé náà tán, ó ṣí fìlà. Ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ Chelsea ń wò ó tìyanu-tìyanu.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ṣé ẹ mọ bàbá yẹn rí ni?"

Bàbá ní, "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló bà mí lọ́kàn jẹ́ ní Kàdúná."

Ọ̀rọ̀ Kàdúná yìí, ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ló lè yé. Lọ́dún 1976, IICC gba ife Cup Winners' Cup ti Áfíríkà, wọ́n sì di ikọ̀ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife kankan ní ìpele Áfíríkà. Ní 1977 wọ́n fẹ́ tún un gbà, àmọ́ ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Rangers ni wọ́n bá pàdé. Nàìjíríà kojú Nàìjíríà, Ìbàdàn kojú Enugu. Pẹ́náritì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀ ní Kàdúná. Rangers ló wọlé, wọ́n sì lọ gba ife náà. Bàbá ní orí rédíò lòun ti gbọ́ ọ nínú yàrá òun ní Mushin. Bóun ṣe gbọ́ ọ tán, òun pa rédíò, òun ò sì bá ìyá àwọn ọmọ òun sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

"Chairman ni wọ́n ń pè é," bàbá ń ṣàlàyé fún ọmọ Chelsea. "Alága. Bọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ kọjá, ó gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ alága."

"Ìgbà wo lẹ wá dárí jì í?"

"Ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980."

Ọjọ́ yẹn, ní pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Surulere, níbi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Ojúẹlẹ́gbà, ni Nàìjíríà fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Algeria. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ìkẹta. Ikọ̀ Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì ti wá, bẹ́ẹ̀ náà ni Best Ogedegbe tó ń ṣọ́lé. Ṣùgbọ́n níwájú Ààrẹ Shehu Shagari àti gbogbo èrò tó kún pápá, Chukwu ló gbé ife sókè. Ẹsẹ̀ Ìbàdàn ló gbá a wọlé, ọwọ́ Enugu ló gbé e, Èkó ló jó. Ẹ sì rántí pé ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Rangers sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn ìbọn, ọmọ Ígbò ló ṣíwájú gbogbo wa yí pápá ká, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìlú rẹ̀. Bàbá Sútìn ní òun wà lókè níbi tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú, ohùn òun ò sì padà bọ̀ sípò fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọkùnrin kan tó ń jẹ bọ̀ọ̀lì fi mirí, tó ní, "Nàìjíríà! Èèyàn ò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère." Gbogbo wa ní "Hmm."

Bí a ṣe máa ń pa á nìyẹn, bí àròyé, bíi pé àwọn kan wà níbì kan tí kì í jẹ́ kí èèyàn sunwọ̀n. Mo rò pé òdì la ń pa á. Ẹni tó ń pa òwe yìí gan-an ni òwe náà ń bá wí. Ọjọ́ a bá kú "là ń dère": ta ló ń gbẹ́ ère ọ̀hún? Àwa náà ni. Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ wa láti ọjọ́ yìí, igi sì wà níwájú wa.

Àwọn bàbá wa tó sọ ọ́ mọ ère dáadáa. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn á gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn kùn ún, á máa gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyá yẹn ti wẹ ọmọ náà nígbà tó ń ké, ó ti fún un lọ́mú nígbà tó lè mu ún. Ohun tó ń ṣe fún igi, ó ti kọ́kọ́ ṣe é fún ara. Tiwa ńkọ́?

Kí n tó nawọ́ sí ẹlòmíì, ẹ jẹ́ n nà án sí ara mi. Ní àdúgbò wa ní Ṣómólú, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n, a ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù kan tí orúkọ rẹ̀ ò kọjá òpópónà mẹ́rin. Káfíńtà ni kápútéènì wa. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la ti ń pààrọ̀ aṣọ, àárín ayùn àti pákó. Owó tó bá rí lórí ilẹ̀kùn ló fi ń ra bọ́ọ̀lù. Bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá yẹ̀, òun ló máa gbé e sẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ ato-eegun. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó lé ní oṣù mẹ́jọ. A mọ̀. Ojú ìwé WhatsApp wa kún fún "A ń bọ̀ wá wò yín, Kápú" àti "Ọlọ́run á gbé yín dìde." Èmi náà kọ tèmi, mo fi àwòrán ọwọ́ àdúrà sí i, méjì. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láàárín ilé mi àti tirẹ̀. Mi ò lọ.

Ó kú tán, ẹ wá wo owó! Láàárín ọjọ́ mẹ́ta a ti dá a jọ. A tẹ àwòrán rẹ̀ sára aṣọ funfun ọgọ́ta, a gba kánópì, a gba onílù, a tún ra ife kan tí àwọn ọmọ àdúgbò máa fi bọ́ọ̀lù díje lórúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó ń wò wá. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin àbúrò ọkọ mi. Ṣé inú Ṣómólú yìí náà ni gbogbo yín wà láti ọjọ́ yìí?" Kò pariwo, kò bú wa, ó kàn béèrè ni. Òkú ò mọ iye a ràgọ̀. Opó mọ̀ ọ́n.

Ìjọba náà ní ère tirẹ̀. Tí ẹ bá gba Western Avenue, ẹ ó rí pápá méjì tó kọjú síra. Ọ̀kan ni èyí tí Chukwu ti gbé ife, tí wọ́n jẹ́ kó gbó, tí koríko fi ọ̀pọ̀ ọdún jọba níbẹ̀. Èkejì ń jẹ́ Teslim Balogun, "Thunder," tó gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́. Ọdún 1972 ló kú, 2007 ni wọ́n ṣí pápá náà. Ó yẹ ẹ́, mi ò bá wọn jà. Ti ikọ̀ 1994 ló dùn mí. Wọ́n gba ife Áfíríkà ní Tunisia, ìjọba ṣèlérí ilé fún wọn. Ọdún 2022 ni àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n fún àwọn tí kò tíì rí gbà. Nígbà yẹn, Stephen Keshi, balógun wọn, tó jẹ́ ọmọ ilé ìwé St. Finbarr's níbí ní Akoka, ti lo ọdún mẹ́fà nínú ilẹ̀. Rashidi Yekini ti lo mẹ́wàá. Uche Okafor, Thompson Oliha, Wilfred Agbonavbare, gbogbo wọn ti lọ. Èwo ni wọ́n fẹ́ fún ní kọ́kọ́rọ́ nínú wọn?

Ẹnì kan lè sọ pé a kì í yin èèyàn lójú rẹ̀ kí orí rẹ̀ má baà wú. Irọ́ ni. A mọ bí a ṣe ń yin alààyè, ó sì dùn lẹ́nu wa. Ẹ lọ sí òde àríyá èyíkéyìí lọ́jọ́ Sátidé, olórin á máa pe orúkọ ẹni tó ń náwó lé e lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyìn tó wà fún títà la ní fún alààyè. Ti ọ̀fẹ́ la ń fi pamọ́ de òkú. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ló tún sọ pé yínni-yínni kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Ta ni wọ́n ní kó ṣe mìíràn? Ẹni tó ṣì lè ṣe é ni.

Chukwu fúnra rẹ̀ tún rí oore díẹ̀ gbà kí ó tó lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ ò yá ní 2019, tí ìròyìn gbé e, Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ní òun á san $50,000 fún ìtọ́jú rẹ̀ ní òkè òkun. Ọdún mẹ́fà ni bàbá náà tún lò sí i. Ọkàn mi máa ń lọ síbẹ̀ ju ibi ìsìnkú rẹ̀ lọ. Gbogbo wa kọ́ ni Ọ̀tẹ́dọlá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ò nílò dọ́là kankan láti rin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Lábẹ́ afárá náà, ọmọ Chelsea ti mú fóònù jáde. Ó ní kí bàbá ka orúkọ àwọn ará 1980 tó ṣì wà fún òun. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n: Ọdẹ́gbàmí ń bẹ, Felix Owólabí ń bẹ. Ó dé orí Henry Nwosu, èyí tó kéré jù nínú wọn, ó rántí pé oṣù kẹta tó kọjá lòun náà lọ, ó ká ìka náà padà.

Mi ò dúró kí ó parí. Gólì ikọ̀ Ṣómólú wa ìgbà yẹn ń gbé ní Bàrígà, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i. Mo ra ọsàn àti búrẹ́dì, mo wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn, tó yọjú, tó rí i pé èmi ni, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

Ó ní, "Ta ló kú?"