Kí Ẹ Tó Ná Ọjà ní Íńdíà, Ẹ Béèrè Ẹni Tó Ṣe É

Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí Íńdíà, ì báà jẹ́ pé aláìsàn ló sìn lọ sí ọsibítù, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n máa ń fún un: "Iye yòówù kí wọ́n pè é, ìdámẹ́ta rẹ̀ ni kó o san." Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ò fara mọ́ ọn. Kì í ṣe pé mi ò mọ ọjà ná o. Ọmọ Yorùbá tí kò mọ ọjà ná, ta ló tọ́ ọ? Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn ka gbogbo ẹni tó pàtẹ sí ẹgbẹ́ kan náà, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà.

Ẹ wo ìlú Jaipur. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó tò lọ rẹrẹ ní Johari Bazaar àti Bapu Bazaar, alágbàtà pọ̀ níbẹ̀ jọjọ. Bí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá bá fúnra rẹ̀ gbé yín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù "ẹ̀gbọ́n òun", owó tirẹ̀ ti wà lórí ọjà kí ẹ tó wọlé. Irú ibẹ̀ yẹn, ẹ ná an dáadáa. Ẹ dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ, wọ́n á pè yín padà. Tíì tí wọ́n gbé fún yín kò sọ yín di onígbèsè.

Ti aṣọ Bagru yàtọ̀. Bagru kò jìnnà sí Jaipur, àwọn Chhipa ló sì ń tẹ aṣọ níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Wọ́n á gbẹ́ igi ní òǹtẹ̀. Wọ́n á po amọ̀ pọ̀ mọ́ oje igi àti ìyẹ̀fun àlìkámà tí kòkòrò ti jẹ, wọ́n á fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, wọ́n á bu ìyẹ̀fun pákó lé e, wọ́n á sì sá a sóòrùn kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí amọ̀ bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Dabu ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ibi tí mò ń lọ: ẹ̀kọ láfún ni tiwa, amọ̀ ni tiwọn.

Ẹ gbé aṣọ náà sọ́wọ́, ẹ yí i sódì. Èyí tí ọwọ́ tẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń wọ ẹ̀yìn. Ẹ wo ibi tí òǹtẹ̀ kan ti pàdé èkejì: ewé kan á gun ìkejì lẹ́sẹ̀ díẹ̀, pupa á yẹ̀ kúrò nínú ìlà dúdú tó yí i ká, nítorí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba géérégé láti etí dé etí, ẹ̀rọ ni. Ẹni tó sì yára gba ìdámẹ́ta lọ́wọ́ yín, irú èyí ló ṣeé ṣe kó máa tà.

Ìborùn pashmina ńkọ́? Ayédèrú rẹ̀ kún ìgboro. Irun múlọ́múlọ́ abẹ́ irun ewúrẹ́ orí òkè Ladakh ni ojúlówó, ó fẹ́lẹ́ ju irun orí wa lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, àwọn ará Kashmir ló sì ń fi ọwọ́ ran án, tí wọ́n ń fi ọwọ́ hun ún. Àwọn òǹtajà á fà á gba inú òrùka kọjá láti fi dá yín lójú. Ẹ má dá wọn lóhùn, aṣọ ẹ̀rọ tó bá ti fẹ́lẹ́ náà á gbabẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá sọ ọ́ sí yín létí pé òun ní ìborùn shahtoosh, ẹ sá. Pípa ni wọ́n ń pa ẹranko chiru kí wọ́n tó rí irun yẹn, òfin Íńdíà àti ti àgbáyé ló sì kà á léèwọ̀.

Ní Délì, Dilli Haat, ọjà iṣẹ́ ọwọ́ tó kọjú sí ọjà INA, ni mo fẹ́ràn jù. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣí i. Ẹ ó san owó ìwọlé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ sì máa ń gba ìsọ̀ níbẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 15, kí àwọn mìíràn tó bọ́ síbẹ̀. Ká sòótọ́, oníṣòwò lásán náà ti wọ àárín wọn. Ẹ ṣáà béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tó ń ta ọjà ọlọ́jà á sọ pé "iṣẹ́ ọwọ́ ni," á dákẹ́. Ẹni tó ṣe é á sọ títí yóò fi sú yín, ẹ ó sì rí aró lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ẹni yẹn, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ kó dín in, kó jẹ́ díẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwa tí à ń pariwo pé àdìrẹ ẹ̀rọ láti Ṣáínà ń ba ọjà jẹ́ fún àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú, àwa náà la ó dé Jaipur tí a ó ra ayédèrú tiwọn, tí a ó tún máa fi fọ́nnu lórí Facebook pé a mọ ọjà ná.

Bí owó ò bá tó, ẹ ra nǹkan kékeré tó jẹ́ ojúlówó. Ẹni tó bá wà ní Bengaluru lè wá ohun ìṣeré onígi Channapatna, ìlú kan lójú ọ̀nà Mysuru. Wọ́n á máa yí igi náà, wọ́n á tẹ oje aláwọ̀ mọ́ ọn lára bó ṣe ń yí, ooru rẹ̀ á sì yọ́ oje náà wọ ara igi títí yóò fi máa dán. Kò wúwo nínú ẹrù, kì í tètè fọ́, kò sì sí ọmọ kankan nílé tó máa bi yín pé pashmina òun dà.