Robert Johnson Kò Bá Èṣù Mulẹ̀ ní Oríta

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Sátidé tó kọjá, àbúrò mi kan tún sọ ọ́ sí mi létí: "Bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn blues yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé Robert Johnson bá Èṣù mulẹ̀ ní oríta kó tó mọ gìtá í ta?" Mo bi í bóyá ó ti gbọ́ orin ọkùnrin náà rí. Kò gbọ́ ọ rí. Orí fóònù ló ti rí ìtàn pé ọkùnrin náà ta ọkàn rẹ̀ fún Èṣù, Èṣù sì fún un lẹ́bùn gìtá lóru ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Orin 29 péré ni Johnson, olórin blues aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, fi sílẹ̀ lórí àwo: ó kọ wọ́n ní San Antonio lóṣù kọkànlá 1936 àti ní Dallas lóṣù kẹfà 1937. Ó kú ní Mississippi ní 1938, ẹni ọdún 27.

Ẹ fi orin rẹ̀ Cross Road Blues gan-an bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ ní oríta, ó ń bẹ Olúwa kó ṣàánú òun. Ó ń dá mọ́tò dúró, ẹnikẹ́ni ò gbé e, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Kò dárúkọ Èṣù nínú rẹ̀ rárá. (Èṣù oríta tiwa kì í ra ọkàn ẹnikẹ́ni o, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ló fi orúkọ rẹ̀ pe Sátánì.)

Ẹ wá lọ sí 32-20 Blues. Orin Skip James, olórin blues mìíràn, ni, dùùrù ni James fi ṣe é ní 1931. Johnson gbé e sórí gìtá, ó yí nọ́ńbà ìbọn inú rẹ̀ padà láti 22-20 sí 32-20. Ohùn Leroy Carr, onídùùrù, ló wà lábẹ́ Love in Vain. Àwo Kokomo Arnold ló wà lábẹ́ Sweet Home Chicago. Ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn lóru ọjọ́ kan, kí ló ń wá nídìí àwo ẹlòmíì? Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé ó gba iṣẹ́ ọwọ́ òsì onídùùrù, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ jáde lórí àwọn okùn tó nípọn, àwọn ìka tó kù sì ń dá orin tiwọn kọ lókè.

Mo fi oṣù mẹ́rin kọ́ ẹyọ kan nínú wọn. Ibi tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ ni mò ń dá padà lórí fóònù. Awọ orí ìka mi bó, lẹ́yìn náà ó yi. Ìyàwó mi lé mi lọ sí ilé ìdáná kí ọmọ lè sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àtàǹpàkò mi ṣàdédé ń lọ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo pàdé lóríta.

Wọ́n á ní Son House, àgbà olórin blues kan, jẹ́rìí pé Johnson ò mọ nǹkan kan, ó lọ, ó sì padà dé bí ọ̀gá. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ni! Ike Zimmerman, onígìtá kan, ló kọ́ ọ, nítòsí Hazlehurst tí wọ́n bí i sí. Ẹbí Zimmerman ní itẹ́ òkú làwọn méjèèjì máa ń jókòó sí lóru, torí pé ibẹ̀ dákẹ́, wọn ò ní dí ẹnikẹ́ni lójú oorun. Iye oṣù tó lò, ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí kò kò, mo gbà. Ìtàn oríta yẹn pàápàá, Tommy Johnson, olórin blues mìíràn, ni LeDell, ọmọ ìyá Tommy, sọ ọ́ nípa rẹ̀. Tommy àti Robert ò bá ara wọn tan.

Me and the Devil Blues, orin Johnson tó dárúkọ Èṣù, ńkọ́? Peetie Wheatstraw, olórin blues kan, ń pe ara rẹ̀ ní ọkọ ọmọ Èṣù lórí àwo nígbà náà. Bí wọ́n ṣe ń polówó orin nìyẹn.

Ẹ wá 22-20 Blues ti Skip James, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, kẹ́ ẹ tó gbọ́ 32-20 Blues. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá bá mi jiyàn.