Ẹni tó ní ìtọ̀ súgà kì í sáré? Ẹ bi wọ́n ní Flin Flon

Ọmọ ọdún 14 ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ọ̀lù sì ni ayé rẹ̀. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ pé ó ní ìtọ̀ súgà irú kìíní, olùkọ́ eré ìdárayá ilé ìwé wọn kò jẹ́ kó wọ pápá mọ́. Báàgì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní kó máa ṣọ́. Nílé náà, àwọn ìyá wa ń sọ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́: "Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tó ní súgà kì í sáré." Ọ̀rọ̀ yìí ti di òfin láàárín wa, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nílùú àwọn awakùsà kan ní Kánádà, ọmọkùnrin kan ti fi ara rẹ̀ dán an wò lójú gbogbo ayé.

Flin Flon ni wọ́n ń pe ìlú náà. Orí àpáta ló wà, níbi tí Manitoba àti Saskatchewan ti pààlà, ní apá àríwá tí òtútù kì í ti í ṣeré. Ìwakùsà bàbà àti síǹkì ló dá ìlú náà sílẹ̀. Ọdún 1927 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín wọn, Bombers, sílẹ̀, nígbà tó sì yá ó di ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Lọ́dún 1957, àwọn ọmọ ìlú kékeré yìí bá ẹgbẹ́ Ottawa du Memorial Cup, ife ẹ̀yẹ tó ga jù fún àwọn ọ̀dọ́ ní gbogbo Kánádà. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n pàdé kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Flin Flon borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n sì gbé ife lọ sílé.

Ọ̀kan lára àwọn tó gbá a lọ́dún náà, Pat Ginnell, ló padà wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá Bombers. Abẹ́ rẹ̀ ni Bobby Clarke ti dàgbà nínú eré náà. Ọmọ awakùsà ni Clarke, ọdún 1949 ni wọ́n bí i ní Flin Flon gan-an, kò sì tíì pé ogún ọdún rárá nígbà tí wọ́n rí ìtọ̀ súgà irú kìíní lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì, èròjà tí ara fi ń lo súgà inú ẹ̀jẹ̀, di ti ojoojúmọ́. Kò fi yìnyín sílẹ̀. Ní sáà 1966 sí 1967, ó kó àmì 183 jọ nínú eré 45 (góòlù tó gbá wọlé àti èyí tó ràn án lọ́wọ́ ni wọ́n ń kà). Ní sáà tó tẹ̀lé e, 168. Ní sáà kẹta, 137. Nínú sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó kó àmì tó tirẹ̀ ní líìgì wọn.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ń ba àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá. Ohun táwọn ìyá wa ń sọ nílé náà ni wọ́n ń sọ. Ginnell bá gbé ọmọ náà dìde, ó di Mayo Clinic, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní bó bá ń tọ́jú ara rẹ̀ dáadáa, kò sí ohun tó ní kó má fi họ́kì ṣiṣẹ́ ṣe. Lọ́dún 1969, nígbà táwọn ẹgbẹ́ NHL, líìgì họ́kì tó ga jù, ń yan àwọn ọ̀dọ́, agbáyò 16 ni wọ́n mú kó tó kan Clarke. Philadelphia Flyers tó mú un gan-an, ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ mú.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti wá, torí kì í ṣe òmùgọ̀ ló bí i. Kí ọdún 1922 tó dé, tí wọ́n fún ọmọ ọdún 14 kan ní ínsúlínì nílé ìwòsàn ní Toronto, ọmọ tí irú ìtọ̀ súgà yìí bá mú kì í pẹ́ láyé. Ara rẹ̀ á gbẹ, okun á tán nínú rẹ̀. Ta ni yóò ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa sáré? Ìmọ̀ràn ayé ìgbà náà ló kù sí wa lẹ́nu, nígbà tí oògùn ti dé tipẹ́. (Kì í sì í ṣe súùtì ló fà á o. Àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn, tó yẹ kó máa bá àìsàn jà, ló ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì nínú ara ọmọ. Ẹ dákun, ẹ má dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi.)

Ewu kan wà lóòótọ́, ìyàtọ̀ sì wà láàárín rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń sọ. Bí èèyàn bá ń sáré, iṣan ara á máa fa súgà inú ẹ̀jẹ̀ mu. Bí ínsúlínì bá ti wà lára, tí inú sì ṣófo, súgà lè já wálẹ̀ lójijì: òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, ojú ṣíṣú. Ó ṣẹlẹ̀ sí Clarke fúnra rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé ibi ìgbaradì Flyers. Kò jẹun àárọ̀ dáadáa, ló bá dá kú. Wọn ò tìtorí ìyẹn lé e lọ sílé. Frank Lewis, olùtọ́jú àwọn agbáyò, ṣètò ohun tí yóò máa jẹ àti ohun tí yóò máa mu: Coca-Cola tí wọ́n tún da súgà sí kó tó bọ́ sórí yìnyín, omi ọsàn tó ní súgà nígbà ìsinmi, glukósì, súgà tó tètè ń wọ ẹ̀jẹ̀, nínú báàgì Lewis fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá fẹ́ yíwọ́. Ẹ rántí pé láyé ìgbà yẹn, kò sí ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń yẹ súgà ẹ̀jẹ̀ wò nílé. Ìtọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Sáà 15 ni Clarke lò ní NHL, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú Flyers. Eré 1,144 ló gbá. Òun ni balógun ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n gba Stanley Cup, ife ẹ̀yẹ NHL, lọ́dún 1974 àti 1975, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sì gba ẹ̀bùn agbáyò tó wúlò jù fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo líìgì náà.

Mo tẹ ìtàn yìí sórí bébà, mo gbé e tọ dókítà ọmọ wa lọ. Ó kọ lẹ́tà fún ilé ìwé: kí ọmọ yẹ súgà rẹ̀ wò kó tó wọ pápá, kó jẹ nǹkan, bí súgà bá ti lọ sókè jù tàbí wálẹ̀ jù kó dúró ná, kí olùkọ́ sì mọ ibi tí glukósì wà. Nílé, ìyá rẹ̀ ti rán àpò kékeré kan mọ́ inú báàgì bọ́ọ̀lù rẹ̀. Glukósì méjì ló wà nínú rẹ̀.