Kámẹ́rà yín kì í ṣe àlòkù, Màmá: èsì wa sí oníbàárà tó fún wa ní ìràwọ̀ 2

Ẹ kú ọjà o, Màmá wa. Ẹ má bínú pé èsì yìí pẹ́. Ọjọ́ Ẹtì lẹ kọ ọ̀rọ̀ yín, àárọ̀ òní tí í ṣe ọjọ́ Ajé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, torí ọmọ tó ń bá wa wo ojú ìwé yìí kì í ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù gan-an ni mo ń dáhùn.

Kí àwọn tó kù lè mọ ibi tọ́rọ̀ ti ṣẹ̀: Màmá ra kámẹ́rà Wi-Fi kan lọ́wọ́ wa fún ṣọ́ọ̀bù ẹja yìnyín wọn ní Òjòó, n'Íbàdàn níbí. Wọ́n ní ọjọ́ 4 péré ló ṣiṣẹ́ lórí fóònù àwọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un so, áàpù ní ẹlòmíràn ló ni ín. Wọ́n ní ó jẹ dátà GB 10 láàárín ọjọ́ 3, pé kùrukùru funfun nìkan ló ń gbé wá lóru, àti pé ó ká ẹnì kan tó ń gbé páálí ẹja jáde ní aago 3 òru, àmọ́ bàbá ọdẹ búra pé ẹnikẹ́ni ò wọlé. Wọ́n wá parí rẹ̀ sí pé àlòkù la tà fún àwọn.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìdí ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé páálí ẹja yẹn, torí òun ló kan ọmọ ènìyàn. Àwọn yòókù, owó ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti ní kí bàbá ọdẹ máa lọ sílé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ pè wọ́n padà.

Ẹ tún àwòrán tẹ́ ẹ fi síbẹ̀ wò. Lókè lọ́wọ́ òsì, ó kọ 03:12, Ọjọ́bọ̀. Ẹ wá wo páálí tó wà lọ́wọ́ ẹni náà: ilà búlúù tó yí i ká hàn kedere, fìlà pupa tó dé náà hàn. Kámẹ́rà yìí kì í rí àwọ̀ nínú òkùnkùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò sí iná, yóò tan iná tirẹ̀ tí ojú wa ò lè rí, èyí tí wọ́n ń pè ní infrared, gbogbo àwòrán á sì di dúdú àti funfun. Tó bá ti lè fi búlúù àti pupa hàn yín, á jẹ́ pé gílóòbù ṣọ́ọ̀bù yín ń tàn nígbà yẹn. Olè wo ló máa tan gílóòbù kó tó gbé ẹja? Ẹ̀yin náà sì kọ ọ́ pé kùrukùru lẹ máa ń rí lóru. Kí ló dé tí èyí mọ́ roro?

Aago ló ṣì yín lọ́nà. Nísàlẹ̀ àwòrán kejì tẹ́ ẹ fi síbẹ̀, ó kọ GMT+8. Aago China nìyẹn. Tiwa, GMT+1 ni. Nígbà tí ọmọ tó bá yín so kámẹ́rà ń ṣí àkáǹtì, áàpù bi í pé orílẹ̀-èdè wo ló wà, ó sì mú èyí tó bá nínú àwòrán ìwé ìlànà. Wákàtí 7 ni China fi ṣíwájú wa. Ẹ yọ 7 kúrò nínú aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 12 òru yẹn, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 12 lalẹ́ Ọjọ́rú lẹ máa bá a. Ṣé ẹ ti tilẹ̀kùn nígbà yẹn? Ẹ ṣí ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ ọjà tẹ́ ẹ tà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé Ọjọ́rú, bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ra odidi páálí. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n bàbá ọdẹ kì í dé iṣẹ́ kó tó di aago 10, ẹ̀yin lẹ kọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wọ ibi ètò kámẹ́rà nínú áàpù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Time Zone sí, kí ẹ mú Lagos. Fídíò tuntun ló máa tẹ̀lé e o. Aago tó ti tẹ̀ mọ́ ara ti àtẹ̀yìnwá, ó ti tẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àlòkù, èyí tó dùn mí jù, mi ò ní parọ́. Ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ ní kí n já téèpù ara páálí lójú yín, tẹ́ ẹ tún ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ títí dórí skúrù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kámẹ́rà báyìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi fóònù ya àmì QR ìdí rẹ̀, orúkọ onítọ̀hún ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn pé òun ló ni ín. Mo pe ọmọ tó bá yín so kámẹ́rà láàárọ̀ yìí lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ́jọ́sí. Kò jiyàn. Íméèlì tirẹ̀ ló fi ṣí àkáǹtì, fóònù tirẹ̀ ló fi so ó, ó wá fi àkáǹtì kan náà wọlé sórí fóònù yín. Ẹ rí ṣọ́ọ̀bù yín fún ọjọ́ 4, ẹ rò pé ó ti parí. Ní ọjọ́ karùn-ún, fóònù ọmọ náà sọnù, ó sáré yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, áàpù sì tì yín síta. Àfi bí ẹni kọ́lé tó jẹ́ pé orúkọ bíríkìlà ló wà nínú ìwé ilẹ̀.

Mi ò fẹ̀sùn kan ọmọ yẹn o. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń bá èèyàn so kámẹ́rà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó yá wọn lọ́wọ́ ju kí wọ́n dúró kọ́ oníbàárà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: níbikíbi tó bá wà, ó lè rí yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń ka owó. Ẹni tó bá jí fóònù rẹ̀ gbé, kó tó yí pásíwọ́ọ̀dù padà, náà lè rí yín. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbé fóònù yín ní alẹ́ òní kí ẹ wò ó: íméèlì ta ló wà nínú áàpù kámẹ́rà ilé yín?

Ibi tí ẹ̀bi tiwa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ pè wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni ọmọ iṣẹ́ wa ní kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò rísẹ́ẹ̀tì. Rísẹ́ẹ̀tì máa ń pa Wi-Fi tí kámẹ́rà ti mọ̀ rẹ́ ni. Orúkọ tó wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́, kò kàn án. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ á fi bó, àkáǹtì ọmọ tó bá yín so ó náà ló máa pè. Ẹni tó ni àkáǹtì ló lè yọ ọ́, tàbí kí èèyàn fi ìwé ẹ̀rí ìrajà àti nọ́ńbà ìdí kámẹ́rà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́, kí wọ́n bá a yọ ọ́. Ó yẹ kí ọmọ wa mọ̀. Tí kò bá sì mọ̀, ó yẹ kó bi mí. Ẹ má bínú, Màmá.

Kámẹ́rà ti kúrò lórúkọ ọmọ tó bá yín so ó báyìí. A jọ wà lórí fóònù tó fi yọ ọ́, mo sì gbọ́ ohùn obìnrin inú áàpù tó ní ó ti yọ. Nítorí náà, orúkọ yín la máa fi so ó lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú íméèlì yín. Ẹ má sọ pé ẹ ò ní íméèlì, fóònù yín ò lè gba áàpù láìsí i, ó wà níbẹ̀.

Ní ti pásíwọ́ọ̀dù, ọmọ náà sọ èyí tó fi sórí kámẹ́rà fún mi: 123456. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sílẹ̀. Lọ́dún 2016, ètò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà àti rúta (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé), ó ń gbìyànjú nǹkan bí 60 orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ máa ń fi sórí ẹ̀rọ, irú admin àti 123456. Èyí tó bá ṣí ní tirẹ̀, á sọ ọ́ di ẹrú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó ti Dyn, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń tọ́ka ọ̀nà fún àwọn ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, tí Twitter àti Netflix fi ṣòro ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ náà. Kámẹ́rà inú ilé àwọn èèyàn wà lára wọn, àwọn olówó wọn ò sì mọ nǹkan kan. Ẹ fi gbólóhùn gígùn tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ ṣe tiyín, kí ẹ má sì fi ọjọ́ ìbí ọmọ ṣe é, a ti rí ìyẹn lórí Facebook yín.

Àbúrò yín tó wà ní London, tẹ́ ẹ ní ó ní kí ẹ ṣí port, ìyẹn ọ̀nà tí ará ìta lè gbà wọlé, lórí MiFi, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi síìmù fún yín ní Wi-Fi, kí òun lè máa bá yín wo ṣọ́ọ̀bù: ẹ bá mi kí wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Dátà orí síìmù ní Nàìjíríà, àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì kan ni iléeṣẹ́ fóònù sábà máa ń fi bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà, bí ẹ bá tiẹ̀ ṣí i, kò ní já síbì kankan. Tó bá sì wá jẹ́ rúta tó lè ṣe é, ẹnu ọ̀nà lẹ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé yẹn. Ẹ tẹ Share nínú áàpù, ẹ kọ íméèlì wọn síbẹ̀, wọ́n á máa wò ó, wọn ò sì ní lè yọ ọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ní ti dátà, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ ní nǹkan bíi wákàtí 4 lójúmọ́ lẹ fi ń ṣí i sílẹ̀ nílé bẹ́ ẹ bá ń gbé ọmọ-ọmọ yín jó. Orí HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ dáadáa, ló wà, ó sì ń lo nǹkan bíi Mbps 2 (mégábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ìyẹn jẹ́ MB 900 ní wákàtí kan, GB 3.6 lójúmọ́. Ọjọ́ 3, ó ti lé ní GB 10. Kámẹ́rà ò jalè, iṣẹ́ tẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ ló ń jẹ́. MiFi ṣọ́ọ̀bù ń fi í ránṣẹ́, fóònù yín nílé náà ń gbà á, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń jẹ nínú dátà. Ẹ tẹ HD tó wà létí àwòrán kó di SD, èyí tí kò mọ́ tó o, kí ẹ sì máa ṣí i wò fìrí, kí ẹ pa á dé. Èyí tó ń gbà sórí mẹ́mọ́rì káàdì kì í jẹ dátà rárá. Káàdì GB 64 tẹ́ ẹ rà máa gba bí ọjọ́ 3 lórí HD, lẹ́yìn náà yóò máa pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́ fún tuntun. Nítorí náà, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ tètè fi fídíò náà pamọ́ sórí fóònù.

Kùrukùru ńkọ́? Mo fa àwòrán kẹta tẹ́ ẹ fi síbẹ̀ ní fífẹ̀, èyí tí kámẹ́rà ti wà lókè fírísà. Màmá, ọ̀rá ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀! Etí búlúù kékeré tí wọ́n fi ń fà á ya jáde lápá ọ̀tún. Lọ́sàn-án, èèyàn lè máà mọ̀. Lóru, iná infrared á kọ lu ọ̀rá náà, á padà sójú kámẹ́rà, ohun tẹ́ ẹ sì ń pè ní kùrukùru nìyẹn. Ẹ fi èékánná ṣí i. Aláǹtakùn náà máa ń fa irú rẹ̀, ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò kí a tó dé: MiFi yín ní oríṣi ìgbì Wi-Fi méjì, 2.4 àti 5 GHz, kámẹ́rà yìí ò sì mọ̀ ju 2.4 lọ. Ẹ yí MiFi sí 2.4 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí fóònù bá gbé àmì QR jáde, ẹ mú iná ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ gbé e sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ojú kámẹ́rà, kí ẹ rọra máa sún un sẹ́yìn. Tó bá dún, ó ti rí i. Tí kò bá dún, ẹ má bá a jà, ẹ fi sílẹ̀ dè wá.

Ohun kan tẹ́ ẹ ò bèèrè: bí wọ́n bá mú iná lọ, MiFi yín ní bátìrì, kámẹ́rà ò ní. Ó máa ń fọ́jú nígbà náà. Power bank tó lè máa gba iná kó sì máa fún kámẹ́rà níná lẹ́ẹ̀kan náà máa gbé e dé àárọ̀. Kì í ṣe dandan kí ẹ rà á lọ́wọ́ wa.

Ọjọ́rú ni mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín fúnra mi, ní aago 11 àárọ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ tó sì tẹ́ yín lọ́rùn, ìràwọ̀ tó bá wù yín lẹ fún wa. Bí ẹ bá ṣì ní ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́, màá gbé owó yín dání, màá gbà á padà níbẹ̀. Ẹ má yọ mẹ́mọ́rì káàdì náà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ọ̀mátì rẹ̀ títí bàbá ọdẹ á fi jókòó tì wá, tí a ó jọ wo fídíò Ọjọ́rú ọjọ́sí yẹn.