Nọ́ńbà ọdún àkọ́kọ́ ò lè sọ ọmọ tó máa dáa jù fún yín

Tí ọmọ tuntun bá ti wọ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, báyìí, kó tó gbá ogún máṣì, ẹ máa rí i tí wọ́n á ti gbé nọ́ńbà ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlòmíì, wọ́n á ní lágbájá ń ju pọ́ìntì 17 ní máṣì kan, tàmẹ̀dò ń ju 7, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán rárá o.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn méjì tí wọ́n jọ wọlé lọ́dún 2013. Michael Carter-Williams lọ sí tíìmù 76ers, Giannis Antetokounmpo lọ sí tíìmù Bucks. Máṣì tí Carter-Williams kọ́kọ́ gbá, Miami Heat ló bá pàdé, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife, LeBron James, ìràwọ̀ wọn, sì wà níbẹ̀. Carter-Williams ju pọ́ìntì 22, assist (bọ́ọ̀lù tó gbé fún ẹlòmíì tó fi jù wọlé) 12, rebound (bọ́ọ̀lù tí ò wọlé tó gbá mú) 7, ó tún já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, wọ́n sì na Heat 114 sí 110. Ta ló máa wo ìyẹn tí ò ní pariwo? Nígbà tí sáà parí, 16.7 pọ́ìntì, rebound 6.2, assist 6.3 ní máṣì kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n fún ní Rookie of the Year, àmì ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó dáa jù. Giannis ńkọ́? Pọ́ìntì 6.8.

Ṣùgbọ́n ẹ wo abẹ́ nọ́ńbà yẹn dáadáa. Carter-Williams ń lo ìṣẹ́jú tó lé ní 34 lórí kóòtù, Giannis ń lo bíi 25. 76ers ọdún yẹn pàdánù máṣì 26 tẹ̀lé ara wọn, kò sẹ́lòmíì tí wọn ì bá gbé bọ́ọ̀lù fún, wọ́n sì ń sáré ju gbogbo tíìmù tó kù lọ, ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú irú eré bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ á pọ̀ ni dandan. Tí Carter-Williams bá ju bọ́ọ̀lù mẹ́wàá sáwọ̀n, mẹ́rin péré ló ń wọlé. Òótọ́ ni pé Bucks gan-an burú jù wọ́n lọ, máṣì 15 ni wọ́n jẹ ní gbogbo sáà, àmọ́ Giannis kọ́ ni wọ́n kó eré lé lọ́wọ́. Ẹ tún wo ọjọ́ orí: Carter-Williams ti pé 22, Giannis jẹ́ ọmọ 18 tó ń bọ̀ láti líìgì kejì ní Gíríìsì!

Àwọn kan á ní ká ṣírò ẹ̀ bí ẹni pé kálukú ń lo ìṣẹ́jú 36 kó lè dọ́gba. Ó dáa, ẹ ṣírò ẹ̀, 6.8 ti Giannis yẹn á di bíi 10. Ṣé 10 yẹn sọ fún yín pé MVP (ẹni tó dáa jù ní líìgì) 2019 àti 2020 ló jókòó síbẹ̀ yẹn?

Kì í sì í ṣe àwọn méjì yìí nìkan. Tyreke Evans ṣe pọ́ìntì 20.1, assist 5.8, rebound 5.3 ní máṣì kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́ ẹ̀, ṣáájú ẹ̀, nínú àwọn ọmọ tuntun, Oscar Robertson, Michael Jordan àti LeBron nìkan ló ti dé pọ́ìntì 20, rebound 5, assist 5 rí, ó sì borí Stephen Curry gba Rookie of the Year 2010. Evans ò dé All-Star, máṣì àwọn ìràwọ̀ líìgì, rí títí dòní, 20.1 yẹn náà ló pọ̀ jù tó ní nínú gbogbo sáà ẹ̀. Ti Curry, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, MVP àti ife ló gbà.

Mi ò sọ pé nọ́ńbà ò wúlò o, Hakeem Olajuwon bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ìntì 20.6 àti rebound 11.9, kò sì já wa kulẹ̀. Ohun tí mo máa ń wò ni bí nọ́ńbà ọmọ náà ṣe ń gòkè láti sáà dé sáà. Pọ́ìntì Giannis ní sáà márùn-ún àkọ́kọ́: 6.8, 12.7, 16.9, 22.9, 26.9. Lọ́dún 2015 ni 76ers ta Carter-Williams fún Bucks gan-an, àwọn méjèèjì wá wà nínú tíìmù kan náà, nígbà tó sì di 2016, kóòṣì wọn gbé bọ́ọ̀lù lé Giannis lọ́wọ́ pé kó máa darí eré. Nígbà tó yá, free throw, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fúnni jù tí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́, ni wọ́n wá fi ń bú Giannis. Ní máṣì tí wọ́n fi gba ife 2021, ó ju free throw 19, 17 wọlé, pọ́ìntì ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn jẹ́ 50.