Ọyẹ́ kọ́ ló mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín

Láàárọ̀ àná, létí omi Ẹ̀pẹ́, ọmọkùnrin kan fa okùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ títí apá rẹ̀ fi rọ. Kò sítáàtì. Bàbá kan tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọkọ̀ kejì ní, "Òtútù ló mú un. Bu ọ́ìlì kún epo, ara rẹ̀ á yá." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ báyìí, òun náà ni.

Òtútù wo? Ilẹ̀ Norway, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, àwọn apẹja ibẹ̀ ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Ní ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, bẹntiróò ṣì ń yọ oru tó lè gbiná. Ó dáa, mo gbà pé bó bá ṣe tutù sí ni oru yẹn ń dín kù sí. Ohun tí wọ́n ṣe fi choke sí i nìyẹn, ìyẹn ohun tá a máa ń fà kí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé dín kù, kí epo lè pọ̀ sí i.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Mo gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé kí n tó padà dé ìdí rẹ̀. Oṣù kẹta ni, oòrùn kanrí, ìdérí ẹ́ńjìnnì gbóná débi pé mi ò lè gbọ́wọ́ lé e. Mo fà á, fà á, kò dáhùn. Ṣé òtútù náà nìyẹn? Mo fún bọ́ọ̀lù rọ́bà tó wà lójú ọ̀nà epo, èyí tá a fi ń fa epo láti táǹkì wá sí ẹ́ńjìnnì, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, kò sì le rárá. Mo tú plọ́ọ̀gì, tó ń tanná sí epo, wò: ó gbẹ táútáú, kò tiẹ̀ rùn epo. Epo ò dé ibẹ̀! Irin tó di ẹnu rọ́bà mú ló ti dẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé, epo sì ti padà sínú táǹkì. Ìwọ̀nba tó kù nínú kábúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ti gbẹ. Mo de irin náà pa, mo fún bọ́ọ̀lù náà títí ó fi le bí ọsàn tí ò tíì pọ́n, mo fa choke. Ìfà kejì ló gbà.

Ká ní plọ́ọ̀gì tutù rinrin ni, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn: yálà epo ti pọ̀ jù níbẹ̀, tàbí iná ò jáde.

Ti ọ́ìlì tẹ́ ẹ̀ ń bù kún un yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Lítà 1 sí bẹntiróò lítà 50 ni ti ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo pípò. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀, àyè bẹntiróò ló ń gbà, á sọ plọ́ọ̀gì di èédú, ìyẹn á sì tún mú kó ṣòro láti sítáàtì lọ́la.

Mo wo táǹkì ọmọkùnrin yẹn. Ihò afẹ́fẹ́ orí ọmọrí rẹ̀ ṣì wà ní dídé látalẹ́ tó ti tì í, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé kí epo lè jáde. Ó ṣí i, ó fún rọ́bà, ó fa okùn. Ẹ́ńjìnnì bú.

Bàbá wo ojú ọ̀run. Wọ́n ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Oòrùn ti yọ."